Káńsẹ́lọ̀ Gbé Ọ̀dà Dé

(Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá. Bàbá Láńlọ́ọ̀dù ti ká ṣòkòtò dé orúnkún, ó ń fi bọ́kẹ́ẹ̀tì gbọ́n omi kúrò ní pálọ̀. Káńsẹ́lọ̀ yọ pẹ̀lú agbádá funfun. Ta ló ń wọ funfun wá sí àdúgbò yìí?)

KÁŃSẸ́LỌ̀: Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá wa! Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta!

BÀBÁ: Ọjọ́ mẹ́ta kẹ̀? Ọmọ tí wọ́n lóyún rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n búra fún ọ ti ń ka A B D. Gọ́tà tí o ṣèlérí ńkọ́, Ọnọrébù?

KÁŃSẸ́LỌ̀: Ẹ jẹ́ n là á yé yín, sà. Owó tó ń ti Àbújá bọ̀ fún káńsù, àkáǹtì àjọni pẹ̀lú ìpínlẹ̀ ló ń wọ̀. Wọ́n á bu owó tíṣà, wọ́n á bu owó ìfẹ̀yìntì. Kó tó wá dé ọ̀dọ̀ àwa káńsẹ́lọ̀... (ó fẹ́ atẹ́gùn sí àtẹ́lẹwọ́) òórùn rẹ̀ ló kù.

BÀBÁ: Mo gbọ́ rédíò o. Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje, ọdún 2024, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní kí owó gbogbo káńsù 774 máa bọ́ sọ́wọ́ wọn tààrà.

KÁŃSẸ́LỌ̀: Ìdájọ́ ti dé, sà. Owó ṣì ń wọkọ̀ bọ̀.

BÀBÁ: (ó fa ìwé kan yọ lórí kọ́bọ́ọ̀dù) Ìwé òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999 nìyí. Apá ẹ̀yìn ìwé ni wọ́n kọ iṣẹ́ yín sí. Gọ́tà wà níbẹ̀!

KÁŃSẸ́LỌ̀: Ẹ kà á tán, sà.

BÀBÁ: Ọjà... ibùdókọ̀... ilé ìyàgbẹ́ gbogbogbòò... láìsẹ́ńsì kẹ̀kẹ́, ọkọ̀ ọlọ́pọ́n, bárò... (ó yọ awò ojú) Bárò? Bárò tí wọ́n fi ń kó sìmẹ́ńtì?

KÁŃSẸ́LỌ̀: Abẹ́ àṣẹ wa ni. Ajá yín tó ń gbó mọ́ mi yẹn náà, abẹ́ wa ló wà.

BÀBÁ: Ìkọsílẹ̀ ìbí... ikú... itẹ́ òkú... Ọnọrébù, ẹ̀yin lẹ kọ orúkọ mi sílẹ̀ nígbà tí wọ́n bí mi, ẹ̀yin lẹ máa kọ ọ́ tí mo bá kú, itẹ́ náà tún jẹ́ tiyín. Gọ́tà tó wà láàárín ni kò sówó fún?

KÁŃSẸ́LỌ̀: Ẹ ò rí i bí iṣẹ́ yẹn ṣe wúwo! Ìdí nìyẹn tí mo fi mú èyí tágbára mi ká. Ṣé ẹ rí nọ́ńbà tí mo kọ sára ilé gbogbo? Ó wà nínú òfin náà.

BÀBÁ: Ó wúlò gan-an. Tẹ́lẹ̀, tí omi bá ya, a ó ní ó ti dé ilé Ìyá Bọ́sẹ̀. Báyìí, a ń sọ pé ó ti mu nọ́ńbà 9, ó ń lọ sí 11.

KÁŃSẸ́LỌ̀: Ìdàgbàsókè nìyẹn, sà!

BÀBÁ: Orúkọ alága tí o fi sọ títì wa, omi ti bò ó dé ọrùn. Ṣebí ẹ̀yin káńsẹ́lọ̀ lẹ lè yọ alága náà nípò?

KÁŃSẸ́LỌ̀: (ó wẹ̀yìn) Ẹ rọra, sà! Ta ni yóò wá fi mí ṣe súpáfáísọ̀, ọ̀kan nínú ìgbìmọ̀ alága? Láti súpáfáísọ̀, ó di igbákejì alága. Láti ibẹ̀, ilé aṣòfin ìpínlẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti fẹ́ máa jà fún owó káńsù.

BÀBÁ: Ta ló máa bá mi gbọ́n omi títí o fi máa débẹ̀?

KÁŃSẸ́LỌ̀: Ẹ gbọ́ nǹkan tó gbé mi wá ná. Kílóòsì ẹ̀yìn ilé yín kò tíì lórúkọ. Orúkọ yín ni mo fẹ́ fún un. Ọ̀dà wà nínú mọ́tò.

BÀBÁ: Èmi? Lórí adágún yẹn? Kí wọ́n máa sọ pé ọ̀pọ̀lọ́ ń ké nínú mi?

KÁŃSẸ́LỌ̀: Ó dáa, sà. Ẹ jẹ́ n lọ bá Bàbá nọ́ńbà 14.

BÀBÁ: (ó gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì kalẹ̀) Dúró ná! Nọ́ńbà 14 wo? Ẹni tí mo ti ń gbébí kó tó ra ilẹ̀? ... Ṣé wàá kọ "Olóyè" síwájú ẹ̀?

KÁŃSẸ́LỌ̀: Tí ọ̀dà bá tó, sà.