Ìlera Ti Di Aṣọ Ẹbí

Ní Èkó òde òní, ẹni tí ara rẹ̀ bá le tí aráyé kò mọ̀, ara onítọ̀hún kò tí ì le. Bí o bá fẹsẹ̀ rìn láti Ojúẹlẹ́gba dé Yábàá tí aago ọwọ́ rẹ kò kà á, ìrìn òfo lo rìn. Bí o bá mu omi tí o kò ya fọ́tò ife, òùngbẹ ṣì ń gbẹ ọ́. Wọ́n ti sọ ìlera di aṣọ ẹbí: ó ní àwọ̀ tó ń lọ lọ́dún yìí, ó ní iye tí wọ́n ń dá a, ó sì ní àwọn tó ń pín in. Ẹni tí kò bá rà á, ojú mogbọ́-moyà ni wọ́n fi ń wò ó, àfi bí ẹni pé ńṣe ló wá fi ara líle jẹun ọ̀fẹ́ láàárín wọn.

Ẹ lọ sórí afárá Lẹ́kì sí Ìkòyí láàárọ̀ Sátidé kí ẹ lọ wòran. Wọ́n ṣí afárá yẹn ní 2013 kí ọkọ̀ lè máa gba orí rẹ̀ kọjá, ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ Sátidé bá ti ń mọ́, ó di pápá ṣekárími. Ọkọ̀ bọ̀gìnnì á gbé ọ̀gá dé ẹsẹ̀ afárá, dírẹ́bà á tan ẹ̀rọ amúlétutù sílẹ̀ dè wọ́n. Wọ́n wọkọ̀ wá fẹsẹ̀ rìn nìyẹn. Àǹtí kan á ti de fóònù mọ́ irin, á sáré bí ìṣísẹ̀ mẹ́fà, á dúró, á lọ wo fídíò, á ní irun òun kò hàn dáadáa, á padà sẹ́yìn, á tún sáré. Ṣòkòtò, kọ́mú, bàtà àti ìgò omi, àwọ̀ kan náà ni gbogbo wọn. Tó bá yá, á bu omi ìgò wọ́n iwájú orí kí ó lè dà bí òógùn. Ọmọdébìnrin tó gbé omi inú ọ̀rá sórí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ti ń làágùn láti aago mẹ́fà, òógùn gidi, ṣùgbọ́n wọ́n ní kó sún kúrò níbẹ̀, pé ó ń ba fídíò jẹ́.

Ládùúgbò tiwa, Aláago ni a ń pe bùọ̀dá kan báyìí. Kò sí ohun tó ń ṣe láìwo ọwọ́. Bó bá jí láàárọ̀ tí ìyàwó rẹ̀ bi í pé ṣé ó sùn dáadáa, á ní kó jẹ́ kí òun wò ó ná. Ìṣísẹ̀ 10,000 ló ń lé lójoojúmọ́. Lálẹ́ ọjọ́ kan, aago mọ́kànlá ku díẹ̀, tọwọ́ rẹ̀ sọ fún un pé ó ku 1,100. Ó bọ́ síta tòun ti pìjámà, ó ń yí jẹnẹrétọ̀ po. Ọdẹ àdúgbò rí ẹni tó ń yí jẹnẹrétọ̀ onílé po lóru, ó fọn fèrè, gbogbo ilé jí. Nígbà tí wọ́n tan tọ́ọ̀ṣì sí i lójú, ohun tó wí ni pé kí wọ́n má dá òun dúró, ó ku 300.

Ẹ wá gbọ́ ibi tí 10,000 yìí ti wá. Kì í ṣe dókítà ló gbé e kalẹ̀ o. Wọ́n ṣe Òlíḿpíìkì ní Tókíò ní 1964, ara gbogbo Japan yá gágá sí eré ìdárayá. Nígbà tó di 1965, ilé iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Yamasa gbé ẹ̀rọ kékeré kan jáde, èyí tí èèyàn ń fi há ìgbànú tí á máa ka ìṣísẹ̀ rẹ̀. Manpo-kei ni wọ́n sọ ọ́, 10,000 sì wà nínú orúkọ náà gan-an. Iye tó dùn-ún pè tó sì dùn-ún tà ni. Ọ̀rọ̀ ìpolówó ọjà ló wá di òfin Mósè lọ́wọ́ àwọn tiwa. Ní 2019, àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà tẹ ìwádìí kan jáde lórí àwọn ìyá àgbà tó lé ní 16,000: àwọn tó ń rìn tó 4,400 lóòjọ́ kì í tètè kú tó àwọn tí kò rìn ju bí 2,700 lọ, nígbà tó bá sì fi máa tó 7,500, àǹfààní rẹ̀ ti dúró síbi tó dé. Mo sọ èyí fún Aláago. Ó ní ti àwọn ìyá àgbà nìyẹn, òun kò ra aago olówó gọbọi kí òun wá máa rìn 7,500.

Ohun tó tiẹ̀ ń pa mí lẹ́rìn-ín jù nínú ọ̀rọ̀ aago yìí ni pé apá ló ń ṣọ́, kì í ṣe ẹsẹ̀. Bí apá bá ti ń fì síwá sẹ́yìn, ó gbà pé o ń rìn nìyẹn. Ìyá tó jókòó pẹ̀sẹ̀ sórí àga níbi òde, tó ń fi ọwọ́ jó, tó ń ná owó fún onílù, aago lè máa kà á lọ ní tiẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tó ti ọmọlanke láti Ìdúmọ̀tà dé Ọ̀yìngbò, tó di irin mú gírígírí, apá rẹ̀ kò mì. Ẹ so aago mọ́ ọn lọ́wọ́, aago lè ní ọ̀lẹ paraku ni.

Ẹ jẹ́ ká fi ti ẹsẹ̀ sílẹ̀, ká bọ́ sí ti ọkàn, torí ibẹ̀ lọjà ti ń tà wàràwàrà. Mindfulness tí wọ́n ń pariwo rẹ̀ yìí, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn, kì í ṣe jìbìtì láti ìbẹ̀rẹ̀. Jon Kabat-Zinn ló gbé e wọ ilé ìwòsàn Yunifásítì Massachusetts ní 1979, fún àwọn aláìsàn tí ìrora kò fi wọ́n lọ́rùn sílẹ̀, tí oògùn kò sì fi bẹ́ẹ̀ ràn wọ́n. Ọ̀sẹ̀ 8 ni wọ́n ń fi kọ́ ọ: kí èèyàn jókòó, kó máa fiyè sí èémí rẹ̀, kó má bá ìrora jìjàkadì. Inú ẹ̀kọ́ Búdà ló ti fà á yọ, ó sì bọ́ ẹ̀wù ẹ̀sìn kúrò lọ́rùn rẹ̀. Nígbà tó fi máa dé Ìkẹjà, wọ́n ti wọ ẹ̀wù olówó ńlá mìíràn fún un.

Mo bá wọn débẹ̀ rí, ẹnì kan ló fún mi ní tíkẹ́ẹ̀tì. Yàrá òtẹ́ẹ̀lì ni, ẹní rọ́bà wà nílẹ̀ lọ́tùn-ún lósì. Olùkọ́ wa wọ funfun láti òkè délẹ̀, kò wọ bàtà. Bí kì í bá ṣe ti ètè pupa tó kùn, mi ò bá ti béèrè páríìṣì Sẹ̀lẹ́ tó ti wá. Ó ní ká di ojú, ká fa èémí sínú, ká jẹ́ kó rọra jáde, ká gba gbogbo ìró tó bá wọ etí wa láìdá a lẹ́jọ́. A gbà á. Jẹnẹrétọ̀ ilé kejì ń kù. Kọ́ńdọ́ ń pe Ọ̀ṣòdì lójú títì. Ẹnì kan ń fi gbohùngbohùn ta oògùn eku. A kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́.

Àárín ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yìí ni fóònù olùkọ́ dún. Dírẹ́bà rẹ̀ ni, oníkẹ̀kẹ́ Màrúwá kan ti fi ara ha mọ́tò níta. Ha! Obìnrin tó ti ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ láti àárọ̀, ohùn tó jáde lẹ́nu rẹ̀, Ìsàlẹ̀ Èkó nìkan ló lè bí irú rẹ̀. "Má jẹ́ kó lọ o! Yọ kọ́kọ́rọ́ kẹ̀kẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀! Orí ẹ̀ ti dàrú ni? Mò ń bọ̀!" Ó ṣẹ́jú, ó rántí wa, ó pa ohùn dà: "Ẹ tún fa èémí sínú, ẹ̀yin èèyàn mi."

Ti àwọn ilé iṣẹ́ ló wá burú jù. Mo mọ ọ̀kan tí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ tó ń gbé Ìkòròdú ń jáde nílé ní aago mẹ́rin àárọ̀, tí wọn kì í sì í délé kí aago mẹ́wàá alẹ́ tó lù. Àwọn ọ̀gá ṣàkíyèsí pé ojú àwọn èèyàn ń pọ́n, pé wọ́n ń jágbe mọ́ra wọn. Wọ́n ṣèpàdé lé e lórí. Ṣé wọ́n á dín iṣẹ́ kù ni? Ṣé wọ́n á fi kún owó oṣù? Rárá o. Wọ́n háyà olùkọ́ èémí, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ní gbogbo Ọjọ́rú, nínú àsìkò oúnjẹ ọ̀sán wọn. Olùkọ́ ní kí wọ́n fi gbogbo ìṣòro sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kí wọ́n tó wọlé. Ìṣòro wo? Ṣé ìṣòro tó jókòó sípò alága níwájú níbẹ̀, tó ń wo aago?

Ó sì ń dùn mí, torí ọ̀rọ̀ ọpọlọ kì í ṣe àwàdà nílẹ̀ wa. Ní 1954, Dókítà Thomas Adéoyè Lámbò kò ní kí àwọn aláìsàn Àró ní Abẹ́òkúta lọ ra ẹní rọ́bà. Ó fi wọ́n wọ̀ sílé àwọn ará abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká, ìbátan kan á tẹ̀ lé aláìsàn. Wọn á lọ gba ìtọ́jú, wọn á padà wá bá àwọn ará abúlé ṣiṣẹ́, wọn á bá wọn jẹ, wọn á bá wọn sọ̀rọ̀. Àwọn òyìnbó wá ń wo àwòkọ́ṣe lọ́dọ̀ wa. Lónìí, ẹni tí ọkàn rẹ̀ bá wúwo, wọ́n á ní kó gbé áàpù kan sórí fóònù, pé ọjọ́ 7 àkọ́kọ́ ọ̀fẹ́ ni. Lẹ́yìn ìyẹn, dọ́là ni wọ́n á máa yọ nínú àkáǹtì rẹ̀ lóṣooṣù. Ẹ wo ibi tí dọ́là wà, kí ẹ wá sọ fún mi bóyá ọkàn onítọ̀hún á balẹ̀.

Tíì tó ń fọ inú ńkọ́? Èyí ni mo fẹ́ràn jù. Wọ́n á ní ìdọ̀tí ọ̀pọ̀ ọdún wà lára rẹ, pé bí o bá mu ún fún ọjọ́ 14, ikùn rẹ á wọlé bí ti ọmọge. Ìdọ̀tí wo gan-an? Wọn kì í dárúkọ rẹ̀. Ọlọ́run dá ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín mọ́ èèyàn, iṣẹ́ ìfọ̀mọ́ ni wọ́n ń ṣe tọ̀sán-tòru, wọn kì í sì í béèrè káàdì ATM. Bí ẹ bá ka ẹ̀yìn páálí ọ̀pọ̀ nínú tíì wọ̀nyí, sẹ́nà lẹ ó bá níbẹ̀, ìbátan àsunwọ̀n tí àwọn ìyá wa ń sè fún ẹni tí inú rẹ̀ bá le. Ìgbẹ́ àti omi ara ló ń jáde, ọ̀rá jókòó síbi tó wà. Orí ìwọ̀n á ní o fúyẹ́. Mu omi ife mélòó kan, o ti padà síbi tí wọ́n ti mú ọ.

Ẹ̀gbọ́n ọ̀rẹ́ mi kan mu tíì yìí láàárọ̀ Mọ́ńdè, ó wọ dáńfó, ó bọ́ sórí Third Mainland. Afárá yẹn gùn tó kìlómítà 11.8. Ọ̀sà ló wà lọ́tùn-ún, ọ̀sà ló wà lósì, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ wà láàárín. Ibi tí ọkọ̀ dúró sí gbagidi ni tíì ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ohun tó tẹ̀ lé e, àgbà tó bá rí i kì í ròyìn. Kìkì ohun tí mo lè sọ ni pé gbogbo èrò inú dáńfó, Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì, ló bá a gbàdúrà pọ̀ lọ́jọ́ náà.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé aláàgbo ni mò ń gbè lẹ́yìn o. Àgbo jẹ̀díjẹ̀dí tí wọ́n fi ògógóró rẹ tí wọ́n ń polówó ní gáréèjì kò sàn jù ú lọ. Ẹni tó pò ó gan-an kò mọ ìwọ̀n ohun tó pò. Ẹ̀dọ̀ tó bá ti bàjẹ́ kì í béèrè bóyá ìgò tó bà á jẹ́ ní lébẹ́ẹ̀lì.

Ààwẹ̀ oníwákàtí 16 náà wà ńbẹ̀, kí èèyàn máa jẹun láàárín wákàtí 8 tó kù nìkan. Àwọn bíríkìlà tó ń kọ́lé lójúlé kejì sí wa ti ń gba ààwẹ̀ yìí láti ìgbà tí ìrẹsì ti gbówó lórí. Bí àǹtí orí afárá bá ṣe é, ìlera ni. Bí bíríkìlà bá ṣe é, ebi ni.

Ní Kérésìmesì tó kọjá, ẹgbẹ́ tó máa ń rìn láàárọ̀ Sátidé ládùúgbò wa ṣe àjọ̀dún. Wọ́n pa màlúù. Bíà wà nínú yìnyín, ẹja àrọ̀ ń hó nínú ata àti Maggi. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní iyọ̀ tí àgbàlagbà máa jẹ lóòjọ́ kò gbọdọ̀ tó gíráàmù 5, bíi ṣíbí tíì kan tí kò kún. Ọbẹ̀ ẹja yẹn nìkan ti jẹ ti Sátidé, ó ti yá ti Sọ́ńdè. Akọ̀wé ẹgbẹ́ wá pe nọ́ọ̀sì kan kó máa yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò, kí àjọ̀dún lè jọ ti ìlera díẹ̀. Alága ló kọ́kọ́ nawọ́ kó lè jẹ́ àpẹẹrẹ fún àwọn yòókù, wọ́n sì ń fi fóònù ká a sílẹ̀. Ẹ̀rọ fún un lápá, ó tú, ó gbé 178 lórí 112 jáde.

Alága ní kí wọ́n pa fídíò. Ó ní bátìrì ẹ̀rọ yẹn ti kú. Wọ́n pààrọ̀ bátìrì, ó di 181. Ó ní ọwọ́ òsì ni wọ́n lò, kí wọ́n lo ọ̀tún. Ọ̀tún kò gbè é.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà," ni nọ́ọ̀sì wí, "tó bá ti tó 140 lórí 90 tí kò sọ̀kalẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ríru nìyẹn. Tiyín ti kọjá ibẹ̀ dáadáa. Ẹ tètè lọ rí dókítà, ẹ sì gbé bíà yẹn sílẹ̀."

Alága fa ọwọ́ aṣọ sókè, ó na aago ọwọ́ rẹ̀ sí i. Iná àwọ̀ ewé ń tàn lójú rẹ̀, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó káre.

"Ṣé o rí ohun tí èyí sọ?"

"Mo rí i, sà."

"Ọmọ mi, èló lo ra tìẹ?"