Ìkorò Ewúro Kì í Pa Ṣúgà Inú Ẹ̀jẹ̀

Ẹni tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún pé ó ní àtọ̀gbẹ kì í pẹ́ gbọ́ ọ: "Fún ewúro, kó o máa mu omi rẹ̀ láràárọ̀. Ìkorò ló ń pa ṣúgà." Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ rárá.

Ahọ́n ló mọ ìkorò, ẹ̀jẹ̀ ò mọ̀ ọ́n. Ẹ̀bà ò dùn bí oyin, ọ̀pọ̀ wa ló sì ń fi ọbẹ̀ ewúro jẹ ẹ́, síbẹ̀ tó bá dénú, ṣúgà ló ń dà. Ínsúlínì ni ara fi ń kó ṣúgà yẹn kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ lọ síbi tó ti máa lò ó. Lára alátọ̀gbẹ, ínsúlínì ò tó, tàbí kí ara má gbọ́ tirẹ̀ mọ́. Ohun tó korò lẹ́nu ò lè tún ìyẹn ṣe.

Ewúro níṣẹ́ tirẹ̀ o! Lọ́dún 1987, ní òkè Mahale ní Tanzania, olùwádìí kan, Michael Huffman, àti Mohamedi Seifu tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, rí ìnàkí kan tó ń ṣàìsàn. Ó bó èèpo ẹ̀ka ewúro, ó rún inú rẹ̀, ó fa omi rẹ̀ mu. Lọ́jọ́ kejì, ara rẹ̀ ti yá. Aràn inú ni wọ́n gbà pé irú ìnàkí bẹ́ẹ̀ ń fi ewúro wò. Àwọn olùwádìí mìíràn tún ti fún eku alátọ̀gbẹ ní omi ewúro, ṣúgà wọn sì lọ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n èèyàn kì í ṣe eku, ife omi ewúro méjì kì í sì í lágbára bákan náà.

Metformin gan-an, oògùn àtọ̀gbẹ tí dókítà sábà máa ń kọ́kọ́ kọ fúnni, ewé ni wọ́n ti rí ọ̀nà rẹ̀: Galega officinalis, ewé ilẹ̀ Yúróòpù. Èròjà inú ewé náà ń dín ṣúgà kù, àmọ́ májèlé wà níbẹ̀. Wọ́n ní láti ṣe èyí tí kò léwu tó bẹ́ẹ̀, kí dókítà kan, Jean Sterne, tó gbé àbájáde lílò rẹ̀ fún èèyàn jáde ní Faransé lọ́dún 1957.

Àwọn tó ń torí ewúro pa oògùn tì ló ń bà mí nínú jẹ́. Ẹni tí ara rẹ̀ ò lè ṣe ínsúlínì mọ́, tó wá pa abẹ́rẹ́ rẹ̀ tì, lè kú láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ẹni tó sì ń da ewúro púpọ̀ pọ̀ mọ́ oògùn, ṣúgà rẹ̀ lè já wálẹ̀ jù, kó má tó 70 mg/dL mọ́: òógùn á bò ó, á máa gbọ̀n, ó sì lè dákú. Bí ẹ bá ń mu ún, ẹ sọ fún dókítà yín, kí ẹ sì máa wọn ṣúgà yín déédéé.