Ẹ yé di ẹ̀bi lúùpù tó ń pẹ́ ru MIDI

Bí lúùpù (orin kékeré tí ẹ gbà sílẹ̀, tí ẹ̀rọ tó ń jẹ́ lúùpà ń tún kọ léraléra) bá ti ṣe ségesège lórí ìtàgé báyìí, MIDI, èdè tí àwọn ẹ̀rọ orin fi ń pàṣẹ fún ara wọn, ni wọ́n máa kọ́kọ́ nawọ́ sí. Wọ́n á ní nǹkan àtijọ́ ni, pé ó ń falẹ̀, pé kí ẹ ta kòńtírólà ẹsẹ̀ (bọ́tìnì tí ẹ ń fẹsẹ̀ tẹ̀ láti darí lúùpà) tó wà nílẹ̀, kí ẹ lọ ra olówó gọbọi tó ń lo USB. Irọ́ ni o.

Lóòótọ́, láti 1983 ni MIDI ti wà, eré tó ń sá lórí wáyà onípínnì márùn-ún kò sì tíì yí padà: bíìtì 31,250 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ó lè jọ pé ó kéré. Àmọ́ kí ni bọ́tìnì ẹsẹ̀ fẹ́ fi ránṣẹ́ gan-an? Báìtì mẹ́ta péré, bíìtì mẹ́wàá-mẹ́wàá lórí wáyà, ìyẹn 30. Ẹ fi 31,250 pín 30, kò pé mílísẹ́kọ́ńdì kan (ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá). Ẹni tó dúró ní mítà méjì sí sípíkà ń gbọ́ orin ara rẹ̀ ní nǹkan bíi mílísẹ́kọ́ńdì mẹ́fà lẹ́yìn tó jáde, kò sì sẹ́ni tó ń tìtorí ìyẹn ta sípíkà.

Inú bọ́tìnì ni kí ẹ wò. Ṣé ìgbà tí ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ló ń ránṣẹ́ ni, àbí ìgbà tí ẹ gbẹ́sẹ̀ kúrò? Ọ̀pọ̀ kòńtírólà òde òní ń fi bọ́tìnì kan ṣe iṣẹ́ méjì: ẹ tẹ̀ ẹ́ fẹ́rẹ́, ó gba ohùn sílẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́ pẹ́, ó pa lúùpù rẹ́. Kó tó lè mọ èyí tí ẹ ń fẹ́, lọ́pọ̀ ìgbà ńṣe ló máa dúró títí ẹsẹ̀ yín á fi gbéra. Tí ẹ bá tún fi títẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kún un, á dúró sí i, kó lè mọ̀ bóyá ìkejì ń bọ̀.

Ẹ wá wo ohun tó ń dá sílẹ̀. Nínú orin tó ń lọ ní ìlù 120 láàárín ìṣẹ́jú kan, ìlù kan jẹ́ mílísẹ́kọ́ńdì 500, ìdámẹ́rin rẹ̀ jẹ́ 125. Kì í ṣe tuntun kí ẹsẹ̀ tó wọ bàtà pẹ́ tó 125 lórí bọ́tìnì. Tó bá pẹ́ bákan náà níbẹ̀rẹ̀ àti níparí, gígùn lúùpù á pé, àmọ́ orí orin á ti gé kúrò. Tí méjèèjì ò bá dọ́gba (wọn kì í sì í sábà dọ́gba), gígùn gan-an á ṣì, gbogbo ìgbà tó bá sì yípo ni ẹ máa gbọ́ ọ.

Láti mọ̀, ẹ gbẹ́sẹ̀ lé bọ́tìnì kí ẹ má gbé e kúrò. Tí iná gbígbà-sílẹ̀ lára lúùpà ò bá tàn títí ẹ fi gbẹ́sẹ̀, ọwọ́ ti tẹ olè. Ẹ gbé iṣẹ́ pípa-rẹ́ lọ sórí bọ́tìnì mìíràn, kí ti gbígbà-sílẹ̀ ní iṣẹ́ kan ṣoṣo, lórí títẹ̀. Ẹ ò náwó kankan.

Àwọn tó ń lo kọ̀ǹpútà lè fi MIDI-OX lórí Windows tàbí MIDI Monitor lórí Mac wo ohun tó ń wọlé. Ibẹ̀ lẹ máa ti rí aṣìṣe mìíràn: bọ́tìnì tó ń fi nọ́ńbà 127 (ìyẹn 'ṣí') ránṣẹ́, tí títẹ̀ kejì wá ń fi 0 (ìyẹn 'pa') ránṣẹ́. Lúùpà tó jẹ́ 127 nìkan ló ń dá lóhùn kò ní ṣe nǹkan kan sí ìkejì, ẹ ó sì rò pé bọ́tìnì ti kú. Ètò inú rẹ̀ ni kí ẹ yí padà, kó máa fi 127 ránṣẹ́ nígbàkigbà tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́.

Lórí kọ̀ǹpútà kan náà, bọ́fà ohùn (ìwọ̀n ègé ohùn tí kọ̀ǹpútà ń kó jọ kó tó gbé e jáde) tó jẹ́ 1024 ní 44.1 kHz, ìyẹn ègé 44,100 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ti gba ju mílísẹ́kọ́ńdì 23 lọ. Kòńtírólà wo lẹ fẹ́ rà tó máa dín ìyẹn kù? Ẹ gbé e wá sí 128, ó di nǹkan bíi mẹ́ta. Ẹ tún wo Ableton Live, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ṣe orin: bí ẹ ò bá yí i padà, ìbẹ̀rẹ̀ báà (ìpín ìlù) tó kàn ló máa ń dúró dè kó tó ṣí kílíìpù (ègé orin inú rẹ̀). Ìyẹn kì í ṣe ìfàsẹ́yìn rárá, iṣẹ́ tí wọ́n rán an ló ń jẹ́.

USB tí wọ́n ń gbé gẹ̀gẹ̀ yẹn ńkọ́? Tí lúùpà yín bá jẹ́ pẹ́dálì tó wà nílẹ̀, ó ṣeé ṣe kí kòńtírólà oní-USB nìkan má lè bá a sọ̀rọ̀ rárá, torí kọ̀ǹpútà ni àwọn méjèèjì ń retí. Wáyà onípínnì márùn-ún tàbí onímìlímítà 3.5 (tí ẹnu rẹ̀ dà bíi ti gbohùngbohùn etí) lẹ nílò níbẹ̀. Ẹ bèèrè oríṣi 3.5 tó jẹ́: A àti B wà, ọ̀nà tí wọ́n gbà so wáyà inú wọn yàtọ̀, A ni wọ́n sì fọwọ́ sí ní 2018.

Tó bá jẹ́ èmi ni mo fẹ́ sanwó, mo máa san án lórí àyè tó wà láàárín bọ́tìnì kan sí èkejì. Mẹ́fà tí ẹsẹ̀ mi lè bá nínú òkùnkùn tẹ́ mi lọ́rùn ju mẹ́wàá tó há mọ́ra lọ.