Omi Tó Mọ́ Lójú Lè Ní Àrùn Nínú

Ojú ni ọ̀pọ̀ wa fi ń yan omi mímu. Tó bá ti mọ́ gaara, tí kò rùn, tó dùn lẹ́nu, tó sì jẹ́ pé òun náà ni àwọn bàbá wa mu dàgbà, ó parí. Èyí tó ní ẹrẹ̀ nìkan là ń sá fún. Ìgbàgbọ́ yìí kò tọ̀nà rárá, àwọn ọmọdé ló sì ń jìyà rẹ̀ jù.

Kòkòrò tó ń fa onígbáméjì, ibà jẹ̀funjẹ̀fun àti ìgbẹ́ ọ̀rìn kéré ju ohun tí ojú lásán lè rí lọ. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn lè wà nínú ife omi kan, kí omi ọ̀hún ṣì máa dán bíi dígí. Inú ìgbẹ́ ni wọ́n ti ń wá: ṣáláńgá tí wọ́n gbẹ́ sẹ́bàá kànga, màlúù tó ń ṣu sókè odò, àgbàrá tó gba ibẹ̀ kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ wa.

Lọ́dún 1854, onígbáméjì ń pa àwọn ará Soho ní London. Dókítà John Snow tọpasẹ̀ ikú náà dé ìdí ẹ̀rọ omi kan ní Broad Street. Opó kan wà tó ti kó kúrò ládùúgbò náà lọ sí Hampstead, àmọ́ omi ẹ̀rọ yẹn dùn mọ́ ọn lẹ́nu débi pé ojoojúmọ́ ni wọ́n ń bù ú lọ fún un. Ó mu ún, ó kú. Ìbátan rẹ̀ tó wá kí i mu nínú rẹ̀, òun náà kú. Bẹ́ẹ̀, kò sí onígbáméjì ládùúgbò tí opó náà ń gbé.

Kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ayé àtijọ́. Ní Walkerton, ìlú kékeré kan tí oko yí ká ní Kánádà, òjò ńlá gbá ìgbẹ́ màlúù wọ kànga ìlú lóṣù Karùn-ún ọdún 2000, kílórìn, ìyẹn oògùn tí wọ́n ń fi pa kòkòrò inú omi, kò sì tó. Èèyàn 7 kú, àwọn tó lé ní 2,000 ṣàìsàn. Ìgbà tí àwọn ọmọ ń ṣu ẹ̀jẹ̀ ni dókítà tó fura.

Álọ́ọ̀mù tí a ń fi sí omi ẹlẹ́rẹ̀ pàápàá ń tan èèyàn jẹ. Ó máa ń mú kí ẹrẹ̀ rọ̀ sísàlẹ̀, ó dára bẹ́ẹ̀, nítorí kílórìn kì í ṣiṣẹ́ dáadáa nínú omi ẹlẹ́rẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ò tíì parí síbẹ̀. Ẹ sẹ́ omi náà, kí ẹ wá sè é títí yóò fi hó yaya fún ìṣẹ́jú kan gbáko, tàbí kí ẹ fi kílórìn sí i ní ìwọ̀n tó yẹ. Tí igi ìdáná bá wọ́n, ẹ rọ omi tó ti mọ́ sínú ike tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá, èyí tí kò ju lítà 2 lọ, kí ẹ gbé e sínú oòrùn gangan fún wákàtí 6. Tí ojú ọ̀run bá ṣú, ọjọ́ 2.

Májèlé inú ilẹ̀ yàtọ̀ ní tirẹ̀. Ní orílẹ̀-èdè Bangladesh, wọ́n gbẹ́ kànga onípáìpù káàkiri kí àwọn èèyàn lè bọ́ lọ́wọ́ omi adágún, àfi bí wọ́n ṣe rí i pé májèlé tó ń jẹ́ arsenic wà nínú ọ̀pọ̀ rẹ̀. Kò ní àwọ̀, kò rùn, bẹ́ẹ̀ ni sísè kì í yọ ọ́. Àyẹ̀wò nìkan ló lè fi í hàn, torí náà kí á tó máa mu omi kànga tuntun ló yẹ ká gbé e fún àwọn tó ń yẹ omi wò.