Ìpara Aláìlórúkọ Kò Yẹ Ojú Ẹnikẹ́ni

Obìnrin kan jókòó sórí àpótí nínú ìsọ̀ tóóró kan ní ọjà kan nílùú Àkúrẹ́. Á ti lé ní àádọ́ta ọdún. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ méjèèjì ní àmì dúdú tó tẹ́ rẹrẹ, bí ìgbà tí epo bá ta sí aṣọ. Ẹni tó ń ta ìpara kò bi í ní ìbéèrè kankan. Ó fa abọ́ ńlá kan jáde lábẹ́ tábìlì, ó da ìpara funfun sí i, ó fún túùbù mẹ́ta lé e lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ro omi kan sí i láti inú ìgò tí kò ní bébà lára, ó wá ń fi ìgbákọ rò ó bí ẹni tó ń ro àmàlà. Ó bù ú sínú ike, ó dé e pa. "Ọ̀sẹ̀ méjì péré, mọ́mì, ẹ ó wá dúpẹ́."

Kò sí ọjà kan nínú ìpínlẹ̀ yìí tí irú èyí ti jẹ́ àjèjì. Ike yẹn kò ní orúkọ. Kò ní nọ́ńbà NAFDAC, kò ní ọjọ́ tí yóò bàjẹ́, ẹni tó rà á kò sì mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, omi inú ọ̀rá lásán là ń yí sọ́tùn-ún sósì kí a tó rà á, tí à ń wá nọ́ńbà lára rẹ̀. Ohun tí àwa ń sọ ni pé kí ìjọba ìpínlẹ̀ Oǹdó fòpin sí títa ìpara àpòpọ̀ aláìlórúkọ ní gbogbo ọjà, kí wọ́n sì jẹ́ kí ẹni tí àmì yọ lójú rẹ̀ rí ibòmíràn lọ.

Nítorí àmì ọ̀hún fúnra rẹ̀, oòrùn ló ń fa èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ohun tó mú awọ wa dúdú, tí àwọn dókítà ń pè ní melanin, ni ara fi ń ṣe ìbòòrùn fún ara rẹ̀. Bí oòrùn bá ti pa èèyàn fún ogún ọdún, ọgbọ̀n ọdún, ibòmíràn lára awọ á máa pèsè rẹ̀ ní àpèsèjù, àmì á sì yọ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, sí iwájú orí, sí ẹ̀yìn ọwọ́. Ẹ wo ẹni tó ń sá kòkó ní Ìdànrè, ẹni tó ń kiri ọjà, ọlọ́kadà tí kì í dé nǹkan kan sórí. Oyún náà ń mú àmì wá sójú. Oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí lè mú un wá. Ìrorẹ́ tí a tẹ̀ fọ́ ń fi tirẹ̀ sílẹ̀, nítorí awọ dúdú kì í tètè gbàgbé ọgbẹ́. Kò sí èyí tó jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni nínú wọn, kò sì yẹ kí a fi ojú obìnrin ṣe yẹ̀yẹ́ títí tí yóò fi sá lọ bá apo-ìpara.

Kí ló wà nínú àwo yẹn? Lọ́pọ̀ ìgbà, steroid tó lágbára ni wọ́n fún sí i láti inú túùbù, irú èyí tí dókítà ń fún ẹni tí ara rẹ̀ ń yún fún ọjọ́ díẹ̀. Ẹni tó bá ń fi í pa ojú fún ọ̀pọ̀ oṣù, awọ rẹ̀ á di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí bébà, iṣan á máa hàn, irun lè hù sí àgbọ̀n obìnrin. Bí iṣẹ́ abẹ bá wá dé, kódà iṣẹ́ abẹ ìbímọ, irú awọ bẹ́ẹ̀ lè má di òwú mú dáadáa. Hydroquinone, oògùn tó ń mú awọ pọ́n, ńkọ́? Dókítà ń lò ó, ṣùgbọ́n ní ìwọ̀n, fún oṣù díẹ̀, tí yóò sì máa wo aláìsàn. Tí wọ́n bá fi ń pa ara lọ́dọọdún, ó lè sọ ẹ̀rẹ̀kẹ́ di dúdú aró, kí oríkèé ìka dúdú kirikiri nígbà tí ìyókù ọwọ́ ti pọ́n. Ẹni tó lọ wo àmì wá mú èyí tí kò ṣeé wò bọ̀ wálé. Èyí tó burú jù ni mẹ́kúrì. Ó ń ba kíndìnrín jẹ́, ó ń ba iṣan ọpọlọ jẹ́, ó sì ń kọjá sára ọmọ inú oyún. Nàìjíríà wà lára àwọn tó fọwọ́ sí Àdéhùn Minamata, àdéhùn àgbáyé lórí mẹ́kúrì, ní 2013 láti lé e kúrò nínú ìpara. Ẹni tó bá rí "calomel" lára ike, kó mọ̀ pé mẹ́kúrì ni.

Ní 2023, ọ̀gá àgbà NAFDAC, Ọ̀jọ̀gbọ́n Mojísọ́lá Adéyẹyè, sọ pé bíbó ara ti di ọ̀rọ̀ pàjáwìrì fún ìlera orílẹ̀-èdè yìí. South Africa ti fi òfin de ìpara abóra láti 1990, Ghana de hydroquinone ní 2016. Àwa náà ní òfin. Ṣùgbọ́n NAFDAC kò lè dúró sí ẹnu gbogbo ìsọ̀. Àwọn wolé-wolé ìjọba ìbílẹ̀ ló ń wọ ọjà lójoojúmọ́, àwọn Ìyálọ́jà ló mọ ẹni tó ń po ìpara àti ibi tó ń pò ó sí. Ọwọ́ wọn ni kí ìjọba fi iṣẹ́ yìí lé.

A kò ní kí wọ́n lọ da ọjà ẹnikẹ́ni nù láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń po ìpara jẹ́ ọmọbìnrin tó parí ẹ̀kọ́ tí kò ríṣẹ́, iṣẹ́ ọwọ́ ni wọ́n kà á sí. Kí wọ́n fún wọn ní oṣù mẹ́ta, kí wọ́n kọ́ wọn, kí wọ́n jẹ́ kí wọ́n máa ta òrí, àdí àgbọn, ọṣẹ dúdú, kí wọ́n sì kọ gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ sára ike. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ẹni tó bá tún fún túùbù sínú abọ́ kò ní àwáwí.

Ibo wá ni kí obìnrin yẹn lọ? Ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ ìṣègùn UNIMED wà ní Àkúrẹ́ àti ní Oǹdó, ṣùgbọ́n ẹni tó wà ní Ìgbókòdá kò ní tìtorí àmì ojú wọ mọ́tò wá síbẹ̀. Ìpínlẹ̀ yìí ló ṣe ètò Abíyè nígbà Gómìnà Mímikò, tí ìtọ́jú fi dé ọ̀dọ̀ aboyún ní abúlé. Ọ̀nà kan náà ṣì wà. Láàárọ̀ ọjọ́ tí àwọn aboyún bá pé jọ sí ilé ìwòsàn, kí nọ́ọ̀sì sọ fún wọn pé àmì oyún sábà máa ń lọ lẹ́yìn ìbímọ, kí wọ́n má fi nǹkan kan bó o. Kí wọ́n yẹra fún oòrùn láti aago mẹ́wàá àárọ̀ sí mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, kí wọ́n lo agbòòrùn tàbí fìlà oníbèbè. Ẹni tí agbára rẹ̀ bá ká a, kó lo sunscreen, ìpara tó ń dènà oòrùn, èyí tí wọ́n kọ SPF 30 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sí lára, kó sì tún un pa ní wákàtí méjì-méjì. Òrí kò lè ṣe iṣẹ́ yẹn. Oògùn tó ń dín àmì kù wà, bí azelaic acid, oṣù ló sì ń gbà, kì í ṣe ọ̀sẹ̀ méjì.

Nọ́ọ̀sì kan náà ló yẹ kó mọ àmì tí kò gbọ́dọ̀ dúró. Ibi tó ṣí funfun lára awọ tí kò mọ̀ bí a bá fọwọ́ kàn án lè jẹ́ ẹ̀tẹ̀, oògùn rẹ̀ sì wà lọ́fẹ̀ẹ́. Àmì dúdú tó ń tóbi ní àtẹ́lẹsẹ̀ tàbí lábẹ́ èékánná lè jẹ́ jẹjẹrẹ. Irú rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ èékánná ẹsẹ̀ ló pa Bob Marley ní 1981, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógójì.

Sunscreen wọ́n, a mọ̀. Nítorí náà la ṣe ń bẹ Gómìnà Lucky Aiyedatiwa pé kó fi owó sunscreen sínú ìṣúná ètò ìlera, kí ìpara náà máa wà ní ilé ìwòsàn ìjọba ní ẹ̀dínwó, kó sì jẹ́ ọ̀fẹ́ fún àwọn àfín, àwọn tí oòrùn ń fi jẹjẹrẹ awọ halẹ̀ mọ́ láti kékeré.