Ẹ Gbé Ìpolówó Ọjà Wọ Kíláàsì Lítíréṣọ̀ Yorùbá

Ọkùnrin tó ń ta oògùn nínú bọ́ọ̀sì Oshodi sí CMS kì í kọ́kọ́ dárúkọ oògùn. Àdúrà ló fi ń ṣí i. "Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ìjáde òní o. Ọkọ̀ yìí ò ní dànù." Àmín. "Ohun tá a bá lọ wá, a ó rí i mú bọ̀ wálé." Àmín. "Ọsibítù ò ní jẹ owó wa." Àmín kẹta yìí ló máa ń rinlẹ̀ jù, àwọn tó ń sùn pàápàá á lajú ṣe é. Kí ọkọ̀ tó gun afárá Third Mainland, ọ̀gbẹ́ni ti bọ́ sórí ìbéèrè: "Ta ló wà níbí tí ẹ̀yìn kì í dùn tó bá jí láàárọ̀?" Ìgbà yẹn ló tó yọ ìgò. Ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà ni wọ́n ń tà á ní ṣọ́ọ̀bù; òun ò ní gba márùn-ún, òun ò ní gba mẹ́ta, ẹni mẹ́wàá àkọ́kọ́ á san ẹgbẹ̀rún kan péré. Lọ́jọ́ tí akọ̀ròyìn wa wà nínú ọkọ̀ náà, ọ̀dọ́mọkùnrin kan ti na owó láti ẹ̀yìn kí ọ̀rọ̀ tó tán lẹ́nu ọlọ́jà. Ní Adéníji, òun àti ọlọ́jà jọ bọ́ọ́lẹ̀, wọ́n jọ sọdá, wọ́n sì jọ ń ka owó.

Ẹ jẹ́ ká tú u palẹ̀ díẹ̀. Ẹnu tó ti ṣe Àmín lẹ́ẹ̀mẹ́ta ti bá ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lọ. Bó bá wá yíjú sí i pé òun ò rà, á dà bí ẹni tó ń kọ àdúrà. Ta ló fẹ́ kọ àdúrà lórí omi ọ̀sà? Ìbéèrè ẹ̀yìn dídùn yẹn ò retí èsì, torí mélòó ló wà nínú wa tó ń jókòó nínú sún-kẹẹrẹ fà-kẹẹrẹ Èkó tí ẹ̀yìn ò dùn? Bó ṣe ń sọ owó náà kalẹ̀ sọ ẹgbẹ̀rún kan di ọ̀fẹ́, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó kọ́kọ́ pè é ní ẹgbẹ̀rún márùn-ún yàtọ̀ sí òun alára. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó na owó láti ẹ̀yìn yẹn sì ni ẹlẹ́rìí rẹ̀.

Ọmọ SS2 èyíkéyìí tó ń ṣe Yorùbá nílùú yìí ló mọ orúkọ àwọn ọgbọ́n wọ̀nyí: ìbéèrè pèsìjẹ, àwítúnwí, àsọdùn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ méjì kan wà nínú ọkọ̀ lọ́jọ́ náà, nínú yunifọ́ọ̀mù. Wọ́n ṣe Àmín bí àgbà.

Ibi tọ́rọ̀ wà nìyẹn. Ìbéèrè ìdánwò á ní: "Tọ́ka sí ọnà èdè mẹ́ta nínú ewì yìí." Ọmọ á kọ àwítúnwí, àfiwé tààrà, ìfohunpènìyàn, á gba máàkì rẹ̀, ó parí. A kì í bi í pé kí ni àwítúnwí yẹn ń wá níbẹ̀, ta ló fẹ́ fi mú, kí ni ẹni tó sọ ọ́ máa rí gbà bí a bá gbà á gbọ́. Ó dà bí ká kọ́ ọmọ iṣẹ́ mẹkáníìkì ní orúkọ gbogbo sípánà inú àpótí, ká má jẹ́ kó fi ọ̀kan tú nọ́ọ̀tì rí.

Ìwé ìròyìn yìí ń fẹ́ kí ilé iṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ìpínlẹ̀ Èkó ní Alausa gbé ìpolówó rédíò, pátákó ẹ̀bá títì, orin ìpolongo ìbò àti ọ̀rọ̀ àtagbà orí WhatsApp wọ kíláàsì lítíréṣọ̀ Yorùbá, kí wọ́n máa tú u wò gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń tú ewì. A sì ń fẹ́ kí WAEC àti NECO yí ìbéèrè wọn padà láti "tọ́ka sí" sí "kí ló ń ṣe níbẹ̀". Ìpìlẹ̀ ti wà. Òfin tí Gómìnà Akinwunmi Ambode buwọ́ lù ní 2018 ti sọ Yorùbá di dandan nílé ẹ̀kọ́ ìjọba àti aládàáni ní Èkó. Bí a bá máa fi òfin mú ọmọ jókòó sí kíláàsì, ó yẹ kó rí nǹkan gbé jáde níbẹ̀.

Kì í ṣe pé ìpolówó ṣàjèjì sí lítíréṣọ̀ wa. "Láńgbé jiná o" àti "ó gbóná fẹlifẹli" wà lára ohun tí olùkọ́ ń kọ́ ọmọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń kígbe fẹlifẹli gbé àwo lórí. Ẹ lè dá a dúró, kẹ́ ẹ fọwọ́ kan mọ́ínmọ́ín náà, kẹ́ ẹ mọ̀ bóyá ó gbóná. Èyí tó ń ti inú rédíò jáde ò ní àwo lórí.

Èkó náà sì ni irú ọgbọ́n yìí ti mú ilẹ̀ dáadáa lórí ìwé. Láàárín 1929 sí 1930, ìwé ìròyìn Akéde Èkó ń tẹ lẹ́tà obìnrin kan tó pe ara rẹ̀ ní Sẹ̀gilọlá Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́. Aṣẹ́wó tẹ́lẹ̀ rí ni, ó ní àìsàn ti dá òun gúnlẹ̀, òun fẹ́ fi ayé òun kọ́gbọ́n fún àwọn ọmọge. Ó ń fi ẹkún bá olóòtú sọ̀rọ̀, ó ń dárúkọ àdúgbò Èkó, ó ń fi orin àti ẹsẹ Bíbélì sí i. Ọ̀pọ̀ òǹkàwé gbà pé òótọ́ ni. Kò sí Sẹ̀gilọlá kankan. I. B. Thomas, olóòtú tó ń gba lẹ́tà, náà ló ń kọ lẹ́tà. Iṣẹ́ ọnà ńlá ni, a ò bá a wí. Ìtàn àròsọ Yorùbá jèrè níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó mú wọn gbà gbọ́: èmi tí ń sọ ohun tójú mi rí, omijé, orúkọ àdúgbò tí gbogbo èèyàn mọ̀.

Ẹ wá wo MMM, ètò sọwó-dọ̀pọ̀ orí íńtánẹ́ẹ̀tì tó gbilẹ̀ lórílẹ̀-èdè yìí ní 2016. Ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún lóṣù ni wọ́n ṣèlérí. Ẹni tó bá rówó gbà á kọ lẹ́tà ayọ̀, tàbí kó ya fídíò ara rẹ̀ níbi tó ti ń dúpẹ́. Lẹ́tà náà tún ni! Wọn ò sì pe owó tí èèyàn kó sílẹ̀ ní okòòwò, "ìrànlọ́wọ́" ni wọ́n pè é. Àdàpè olè ni "ọmọ ń fẹ́wọ́". Àwọn baba wa ti lórúkọ fún ọgbọ́n yẹn kí íńtánẹ́ẹ̀tì tó dé. Ní Oṣù Kejìlá ọdún náà, wọ́n ti owó pa mọ́ àwọn èèyàn lọ́wọ́.

Òfin ò dákẹ́ o. Kíkiri oògùn lòdì sófin. NAFDAC gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìpolówó oògùn kó tó jáde, àjọ ARCON tí òfin 2022 fi rọ́pò APCON ló sì ń yẹ ìpolówó wò. Àmọ́ ta ni yóò yẹ ohùn tó wọ fóònù ìyá kan ní Mushin láago mọ́kànlá alẹ́ wò, èyí tó ní kó fi oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru sílẹ̀, kó máa mu omi ewé kan? Ẹni tó súnmọ́ ọn jù ni ọmọ rẹ̀ tó dùbúlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tó lè sọ pé: "Mọ́mì, ẹ dúró ná. Ta ló fi èyí ránṣẹ́? Kí ló dé tí dókítà yìí ò ní orúkọ?"

Àwọn òbí kan á ní a fẹ́ sọ ọmọ di ayẹ̀gàn-àgbà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún ka ìbéèrè ọmọ yẹn. Ibo ló ti rí àgbà fín níbẹ̀? Tàwọn olùkọ́ ló jẹ wá lọ́kàn jù. Sílábọ́ọ̀sì SS3 ti kún, olùkọ́ kan a sì máa dá kọ́ kíláàsì mẹ́rin. A ò ní kí wọ́n fi kún un. Kí wọ́n yọ àyọkà kan, kí wọ́n fi ìpolówó agbo ìṣẹ́jú kan rọ́pò rẹ̀. Ìwé rẹ̀ ti wà nínú fóònù wọn.

Àwa náà ń jẹ nínú ìpolówó, a ò ní parọ́. Owó ìpolówó wà nínú owó oṣù ẹni tó ń kọ èyí. Bí olùkọ́ kan bá sì ń wá ibi tó ti máa bẹ̀rẹ̀, kó mú ọ̀rọ̀ olóòtú yìí gan-an lọ sí kíláàsì. Kó bi àwọn ọmọ pé kí ló dé tá a fi Àmín inú bọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀, tá a sì fi òfin 2018 sí àárín. Kí ló dé tó fi jẹ́ ìyá ní Mushin la mú wá, tí kì í ṣe bàbá ọlọ́rọ̀ ní Ikoyi. Kí ló dé tá a fi pa ìjẹ́wọ́ owó oṣù wa mọ́ títí di ìparí. Bí wọ́n bá ṣe ìyẹn tán, kí wọ́n wo ìpolówó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀ yìí náà.