Èéfín ọkọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ kọ́ ló ń pa ẹ̀fọn run

Bí ẹ̀fọn bá ti pọ̀ ládùúgbò, ohun kan náà ni gbogbo ẹnu ń sọ: kí ìjọba ìbílẹ̀ gbé ọkọ̀ tó ń tú èéfín oògùn wá, kó rìn já gbogbo òpópónà, ẹ̀fọn á sì tán. Tí ìjọba bá fèsì pé òfin wà, pé àwọn gbọ́dọ̀ kéde kí àwọn tó fín in, pé kì í ṣe gbogbo oògùn ni àwọn lè lò, pé ẹni tó máa fín in gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ, àwọn èèyàn á ní ọ̀lẹ ló ń ṣe wọ́n. Wọ́n á ní ẹ̀fọn ni òfin yẹn ń gbè.

Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ìgbàgbọ́ yìí ń jẹ owó ìlú, ó sì ń jẹ́ ká máa wo èéfín lókè nígbà tí ẹ̀fọn ń bí sí i nínú omi tó wà lẹ́bàá ẹsẹ̀ wa.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ohun tí èéfín yẹn lè ṣe. Ẹ̀kán oògùn inú rẹ̀ wínníwínní débi pé ojú lásán ò lè rí ẹyọ kan. Inú afẹ́fẹ́ ló ti ń ṣiṣẹ́: àfi kó kan ẹ̀fọn lára bó ṣe ń fò. Tó bá ti balẹ̀, tàbí tí atẹ́gùn bá ti gbá a lọ, iṣẹ́ rẹ̀ parí nìyẹn. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé ìdájí tàbí ìrọ̀lẹ́, nígbà tí afẹ́fẹ́ bá rọ̀, ni wọ́n ń fín in. Tí wọ́n bá fín in lọ́sàn-án gangan, ooru ilẹ̀ á gbé e lọ sókè, ẹ̀fọn ò ní mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Òfin tó sọ wákàtí tí ọkọ̀ lè jáde kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwé lásán.

Ẹ̀fọn tí wọ́n ń pè ní Aedes aegypti, tó ń gbé ibà dẹ́ńgè, Zika àti ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ kiri, ọ̀sán ló ń jẹni. Tó bá ti yó, ó di ẹ̀yìn aṣọ tí a fi kọ́, abẹ́ ibùsùn àti igun tó ṣókùnkùn nínú ilé. Ọkọ̀ ń kọjá lójú títì, òun wà ní yàrá, ara rẹ̀ balẹ̀.

Ti inú omi ló wá burú jù. Ẹ ṣí ìdérí dúrọ́ọ̀mù tí omi ti pẹ́ nínú rẹ̀, kí ẹ sì dúró díẹ̀. Ẹ ó rí tanwíji tí wọ́n dorí kodò, tí wọ́n na ìdí sí ojú omi láti mí. Bí òjìji yín bá ṣíji bò wọ́n, gbogbo wọn á jó wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Tó bá ṣe díẹ̀, wọ́n á tún gòkè wá mí. Oògùn tó ń fò kọjá lójú títì ò bá wọn débẹ̀. Nígbà ooru, láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí ọjọ́ mẹ́wàá, ẹyin lè di ẹ̀fọn tó ń fò, nítorí náà èyí tí èéfín pa lónìí ti ní arọ́pò lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹyin Aedes tiẹ̀ tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ: ó máa ń lẹ̀ mọ́ ara ike tàbí táyà, ó sì lè wà ní gbígbẹ fún oṣù mélòó kan, kó tó wá pa lọ́jọ́ tí omi bá kàn án. Ká máa sáré lé ẹ̀fọn tó ń fò láìbojú wo omi, ẹ̀tẹ̀ la fi sílẹ̀ tí à ń pa làpálàpá.

Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ọ́ pẹrẹwu nínú ìlànà rẹ̀ lórí ibà lọ́dún 2019 pé kí àwọn orílẹ̀-èdè má fi fínfín oògùn sínú afẹ́fẹ́ gbógun ti ibà, pé àwọ̀n tí wọ́n ti rẹ sínú oògùn tàbí oògùn tí wọ́n ń fín sára ògiri inú ilé ni kí wọ́n fi síwájú. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń da ti ògiri yìí pọ̀ mọ́ ti ọkọ̀. Èyí tó wà lára ògiri ń wà níbẹ̀ fún oṣù mélòó kan, ẹ̀fọn tó bá bà lé e á kú. Ti ọkọ̀ kì í ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Mi ò ní ti ọkọ̀ ò wúlò rárá o. Bí àjàkálẹ̀ àrùn bá ti bẹ́ sílẹ̀, ó lè dín àwọn ẹ̀fọn tó ti gbé àrùn kù kíákíá, bí wọ́n bá ń tún un fín, tí wọ́n sì ń da omi nù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Àwọn kan á ní kí wọ́n kúkú lo oògùn tó le jù. A ti gba ọ̀nà yẹn rí. Ọdún 1939 ni Paul Müller, ọmọ ilẹ̀ Switzerland, rí i pé DDT ń pa kòkòrò, wọ́n sì fún un ní ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 1948. Lọ́dún 1955, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ètò dìde láti pa ibà rẹ́ káàkiri ayé, DDT sì ni ohun ìjà tí wọ́n gbójú lé jù. Ọdún 1969 ni wọ́n pa ètò náà tì. Ara ohun tó dá a dúró ni pé ẹ̀fọn tí oògùn ò pa ń bí irú ara wọn, títí oògùn ọ̀hún ò fi ràn wọ́n mọ́. Ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ báyìí sí pyrethroid, irú oògùn tó wà nínú àwọ̀n, nínú agolo tí à ń fín sí yàrá, àti nínú èéfín ọkọ̀. Bí a bá ń fín ohun tí ẹ̀fọn ò bẹ̀rù mọ́, oyin àti ẹja la máa pa.

Ní Dorchester County, ìpínlẹ̀ South Carolina ní Amẹ́ríkà, nítorí ẹ̀rù Zika, bàálù tú oògùn naled sílẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan ní oṣù kẹjọ ọdún 2016. Oyin ti jáde lọ wá oúnjẹ nígbà yẹn. Ibùdó oyin kan ṣoṣo pàdánù oyin tó lé ní mílíọ̀nù 2. Ìkéde tí wọ́n ṣe ò dé etí gbogbo àwọn tó ń sin oyin, nítorí náà wọn ò bo ilé oyin wọn. Òfin ìkéde tí àwọn èèyàn ń pè ní ìdíwọ́, irú àárọ̀ bẹ́ẹ̀ ló wà fún.

Ẹlòmíràn á ní ìjọba ìbílẹ̀ ò tiẹ̀ lẹ́tọ̀ọ́ láti ṣòfin lórí oògùn, pé ti ìjọba àpapọ̀ ni. Ìyẹn ò rí bákan náà níbi gbogbo. Ìlú kékeré Hudson ní Quebec, Kánádà, ṣe òfin lọ́dún 1991 láti dín oògùn apakòkòrò kù. Àwọn ilé iṣẹ́ tó ń fín oògùn sí pápá ilé pè é lẹ́jọ́, ìlú náà sì borí ní Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní Kánádà lọ́dún 2001. Ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ló ti fi òfin gba agbára yẹn lọ́wọ́ àwọn ìlú wọn. Ẹ wo ti orílẹ̀-èdè yín.

Àmọ́ òfin tó ń mú ẹ̀fọn jù kì í ṣe ti oògùn nìkan, ti omi ni. Ní Havana, olú ìlú Cuba, lọ́dún 1901, William Gorgas, dókítà ológun Amẹ́ríkà, rán àwọn òṣìṣẹ́ láti ojúlé dé ojúlé: wọ́n ń bo àgbá omi, wọ́n ń da epo sí omi tí kò ṣeé dà nù, wọ́n ń fín inú ilé aláìsàn, ẹni tí wọ́n bá sì bá tanwíji nílé rẹ̀ á san owó ìtanràn. Ọdún yẹn náà ni ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀, tó ti pẹ́ ní ìlú ọ̀hún, kásẹ̀ nílẹ̀ níbẹ̀. Lónìí, a tiẹ̀ ní ohun tó sàn ju epo lọ: Bti, bakitéríà tí wọ́n rí ní aginjù Negev ní Ísírẹ́lì lọ́dún 1976. Tanwíji tó bá jẹ ẹ́ á kú, bẹ́ẹ̀ ni kì í pa ẹja, kì í sì í ṣe èèyàn ní nǹkan.

Nítorí náà, bí ẹ bá gbọ́ pé ọkọ̀ ń bọ̀, ẹ lọ béèrè lọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀ yín: kí lorúkọ oògùn náà, ṣé wọ́n ti dán an wò lára ẹ̀fọn àdúgbò yìí, aago mélòó ni ọkọ̀ máa jáde, ta ni wọ́n ti sọ fún? Kí ẹ tún béèrè iye òṣìṣẹ́ tó ń yẹ omi wò láti ilé dé ilé. Bí wọ́n bá ní kò sí, ẹ ní kí wọ́n yọ nínú owó èéfín gbà wọ́n síṣẹ́.